Máfọwọ́kànmí àti Awọ tí Kò Gbọdọ̀ Fara Kan Ọṣẹ

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé tó o bá na ọwọ́ láti kí i, ọwọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ. Tí ọwọ́ náà bá mọ́ tó lójú rẹ̀, á fi orí ìka méjì kàn án bí ẹni tó ń yọ irun nínú ọbẹ̀. Tí kò bá mọ́ tó, á mi orí sí ọ láti òkèèrè, á ní kò di dandan kí ìkíni jẹ́ ti ọwọ́. Àwọn òbí rẹ̀ fún un lórúkọ, orúkọ ọ̀hún sì wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àmọ́ ta ló ráyè ìyẹn? Máfọwọ́kànmí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, torí ó rò pé oyè ni.

Ká má ṣe rẹ́ ẹ jẹ, ọkùnrin náà mọ́. Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ le débi pé eṣinṣin kan bà lé e lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ eṣinṣin ló gé. Bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ fi máa ń rìn sún mọ́ ọn kí wọ́n lè fi í wo irun orí wọn. Ó ní aṣọ tó fi ń nu ojú, ó ní èyí tó fi ń nu àga kó tó jókòó, ó tún ní èyí tó fi ń nu àpò tó ń kó àwọn tó kù sí. Ife tirẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó fi àgádágodo tì. Ẹ̀gbẹ́ ife yẹn ni ọṣẹ rẹ̀ ń gbé, ọṣẹ olómi inú ìgò tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, tó ń gbé wá láti ilé. Ọṣẹ iléeṣẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ọ̀bùn ni wọ́n rà á fún.

Ibo wá ni irú afínjú bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́? Inú èédú.

Iléeṣẹ́ omi ló gbà á sẹ́nu iṣẹ́, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Pọ́ńbù àti páìpù ló ń tún ṣe. Lẹ́yìn ilé ńlá iléeṣẹ́ náà ni yàrá gígùn kan wà, níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti sọ omi iyọ̀ di omi mímu. Obìnrin kan ló ń darí ibẹ̀, Dókítà ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé ni. Èédú ni obìnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Èédú ọ̀hún kì í ṣe ti ìdáná. Kábọ́ọ̀nù ni, tí wọ́n ti ṣe kúnná kọjá ohun tí ojú lè rí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ká bí ẹní, ó ṣófo nínú bíi páìpù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan. Tí èèyàn bá ṣí ìgò rẹ̀ láìfarabalẹ̀, ojú onítọ̀hún á dúdú bí ìdí ìkòkò. Dókítà á pò ó mọ́ ike yíyọ́, á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, tó bá gbẹ tán, á rọra ṣí i kúrò bí ẹni tó ń bó èèpo àlùbọ́sà. Awọ ni wọ́n ń pe ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde. Ó dúdú, ó fẹ́lẹ́, ó sì kún fún ihò wínníwínní.

Wọ́n á wá ta awọ yìí sí àárín ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Omi iyọ̀ gbígbóná á máa ṣàn lápá kan, omi tútù á máa ṣàn lápá kejì. Awọ náà kórìíra omi débi pé omi ò lè rin ín. Á kàn máa yí lójú rẹ̀ ni bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí ewé kókò. Àmọ́ ooru tó ń jáde lára omi gbígbóná lè gba inú ihò wínníwínní wọ̀nyẹn kọjá, iyọ̀ ò sì lè bá ooru fò. Bí ooru bá dé apá tó tutù, ó tún di omi, omi tó mọ́ lóló. Èédú inú awọ ló ń jẹ́ kó kórìíra omi tó bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí ooru tètè rọ́nà gbà. Dókítà a máa sọ pé awọ òun dà bí asọ́bodè tó ń jẹ́ kí òórùn ọbẹ̀ wọlé, tí kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ wọlé.

Ohun kan ló lè ba asọ́bodè yìí jẹ́. Ọṣẹ ni. Nígbà tí Dókítà kọ́kọ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá náà jọ, ó kán omi sórí awọ kan, ẹ̀kán omi náà dúró bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó wá ti ìka bọ ọṣẹ, ó fi ìka náà pa ibòmíì lára awọ kan náà, ó tún kán omi síbẹ̀. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ mu ún bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì. Ó ní ẹ wò ó, ọṣẹ ti bá àwọn méjèèjì parí ìjà, bẹ́ẹ̀ ìjà yẹn gan-an lòun ń fẹ́. Bí awọ bá dọ̀tí, ó ní omi mímọ́ lásán ni kí wọ́n rọra dà sí i, kí wọ́n sì fi fáànù gbẹ ẹ́.

Gbogbo wọn ló rí i, àfi Máfọwọ́kànmí. Àga ló ń nù lọ́wọ́. Ohun tó dé etí rẹ̀ kò ju pé obìnrin kan tí èédú wà ní ihò imú ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n má fi ọṣẹ fọ nǹkan. Ó yínmú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé kò sí ọ̀bùn tí kì í ní àlàyé.

Ìkórìíra tó ní sí èédú kì í ṣe ti àná. Ìyá tó bí i, èédú ló tà tó fi tọ́ ọ. Obìnrin náà ń ru àpò èédú láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò kan létí òkun, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, èékánná rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń fi ìka walẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló máa fi tún ọrùn ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ṣe tí ọmọ bá ń lọ sí ilé ìwé, ìka ìyá á sì hàn gàdàgbà lórí aṣọ funfun. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á ní kó yí ẹ̀yìn kí àwọn ka iye ìka tí ìyá rẹ̀ ní, bóyá ọ̀kan ti dín. Obìnrin náà ti kú tipẹ́. Máfọwọ́kànmí sin ín dáadáa, ó ra pósí funfun fún un, èyí tó dájú pé ìyá náà ì bá fi rẹ́rìn-ín. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ṣe láyé, á tún kọ́là ṣe, á ní ìyá òun wà nídìí ọ̀rọ̀ iná, kí ẹni tó ń gbọ́ lè rò pé iléeṣẹ́ mànàmáná ló ti fẹ̀yìn tì.

Irọ́ náà ì bá dúró, ká ní kò lọ fẹ́ ìyàwó ní àdúgbò etí òkun yẹn kan náà. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Máfọwọ́kànmí lọ tọrọ ọmọ, bàbá náà wo ẹ̀wù rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni ọmọ Ìyá Eléédú." Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó rí ọkọ̀ tó mọ ẹni tó kàn án ni. Àmọ́ gbólóhùn yẹn há Máfọwọ́kànmí lọ́fun bí egungun ẹja, kò gbé e mì, kò pọ̀ ọ́ jáde, títí ọmọ tó bí fi dé yunifásítì.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ pinnu láti kọ́ ilé omi sí etí òkun náà, níbi tí omi kànga ti níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀. Wọ́n ń wá alábòójútó. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa wá wo ẹ̀rọ, wọ́n á tọ́ omi rẹ̀ wò, ẹni tí wọ́n bá sì tọ́ka sí nínú àwọn òṣìṣẹ́ ni iléeṣẹ́ máa fi síbẹ̀. Bàbá ìyàwó Máfọwọ́kànmí ló máa ṣáájú wọn.

Kò sóhun tó wu ọkùnrin yìí láyé tó ipò náà. Ó ti rí i lójú àlá lójú ọ̀sán: ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun ní ẹnu ọ̀nà ilé omi, àti bàbá tó pè é ní ọmọ Ìyá Eléédú tó gbé garawa dání, tó ń sọ pé ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí omi. Òun á ní kí bàbá kọ́kọ́ lọ fọ garawa yẹn ná.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń du ipò náà. Elépo ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó dà bíi pé wọ́n bí Elépo pẹ̀lú epo ọkọ̀ lẹ́yìn etí. Ó ń la ẹnu jẹun, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì máa ń pe Máfọwọ́kànmí ní "ẹ̀gbọ́n wa olóòórùn dídùn". Máfọwọ́kànmí kò ka irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sí ẹni téèyàn ń bá díje. Ó ní tí wọ́n bá gbé Elépo sí ilé omi, omi ló máa nílò ìwẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, Dókítà lọ sí ìpàdé, ó ní kí Máfọwọ́kànmí yẹ pọ́ńbù wò, kó nu ara ẹ̀rọ, kó sì ti yàrá. Ó yẹ pọ́ńbù wò. Ó nu ara ẹ̀rọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú rẹ̀ láti ojú gíláàsì tí wọ́n fi sí iwájú kí àwọn àlejò lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì rí awọ náà kedere. Dúdú. Iyọ̀ funfun ti gbẹ sí etí rẹ̀ bí itọ́ ṣe ń gbẹ sẹ́nu ẹni tó sùn. Ó rí bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn, ó rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ síbi tí òun bẹ̀rẹ̀ sí yìí. Bàbá á ní, inú èédú ni wọ́n ń sẹ́ omi wa gbà. Lẹ́yìn náà ni á gbé orí sókè, á wo ojú òun, á sì rántí.

Ó tú bọ́ọ̀tù ẹ̀rọ. Ó fi ìka méjì yọ awọ náà jáde, ó gbé e lọ sí síńkì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Awọ náà kọ́kọ́ kọ omi fún un. Omi ẹ̀rọ ń dà sí i, ó ń yí dànù, kò rin ín rárá. Inú bí Máfọwọ́kànmí. Láyé rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí tó tíì kọjú ìjà sí i rí. Ó da ọṣẹ ọsàn wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, ó mú kànìnkànìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, fúruṣọ, fúruṣọ. Kò pẹ́ tí omi fi gbà. Omi tẹ́ sórí awọ pẹrẹsẹ, ó dúró jẹ́ẹ́, awọ sì mu ún. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dá a lójú pé ìdọ̀tí ló ti ń lé omi dànù láti ọjọ́ yìí, àti pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wẹ ohun tí ìwé Dókítà ò lè wẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e. Bó ṣe fọ awọ tó, dúdú ló wà. Ọwọ́ tirẹ̀ ló wá ń dúdú sí i. Ó ti fi kànìnkànìn ha ojú awọ dé ibi tí èédú rẹ̀ ti ń ṣí, èédú tí ojú ò rí yẹn sì mọ ojú ọ̀nà abẹ́ èékánná ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó dá awọ padà, ó dè é pinpin, ó nu gíláàsì. Ó wá dojú kọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí awọ ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Èékánná ò dá a lóhùn.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti abọ́ omi gbígbóná, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gún èékánná. Ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tún padà wá wò ó.

"Ṣé ẹ pa èèyàn ni, ọkọ mi?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìwé mú ilẹ̀kùn?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ìka náà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun mọ irú èékánná yìí, ó ní ó jọ ti ìyá ọkọ òun. Máfọwọ́kànmí ní kó lọ sídìí iná, kó lọ wo ohun tó gbé kaná. Ìyàwó ní òun ò gbé nǹkan kan kaná. Ọkọ ní kó lọ wò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Ó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun, irú èyí tí àwọn tó ń gbé òkú máa ń wọ̀. Elépo bi í pé ta ló kú. Máfọwọ́kànmí kọjá lára rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ kí àwọn àlejò tó dé, inú rẹ̀ sì dùn kọjá ààlà, torí omi ń jáde yàà lápá kejì, ju bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ó rọ ọ́ kún jọ́ọ̀gù. Ó ń ronú bó ṣe máa sọ fún Dókítà, tó bá yá, pé ọṣẹ díẹ̀ ló kù nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Àwọn àgbà dé, Dókítà ló kó wọn wọlé. Bàbá ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ó dé fìlà àtijọ́ kan, ọ̀dà tó fi ń dí ojú ọkọ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. Máfọwọ́kànmí kí wọn láti ibi tó dúró sí. Dókítà ń wá mítà tó fi ń wo bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró de mítà? Máfọwọ́kànmí ti bọ́ sáàárín. Ó ní àwọn àgbà ti rin ọ̀nà jíjìn, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n. Ó ní kí wọ́n má bàa ṣiyèméjì, òun fúnra òun lòun máa kọ́kọ́ mu. Ó gbé ife tirẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó bu omi, ó gbé e sókè kí gbogbo ojú lè rí i, ó sì gbé e mì.

Iyọ̀ ni.

Kì í ṣe iyọ̀ díẹ̀. Iyọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ni, iyọ̀ kànga tí ìyá rẹ̀ ń fà, tó ń fi fọ ọwọ́ tí kì í mọ́. Nínú ìgbà díẹ̀ yẹn, ó yé e, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e, ohun tí Dókítà ń sọ nígbà tí òun ń nu àga. Ó ṣì lè gbé ife sílẹ̀. Ó ṣì lè ní ẹ dúró o, nǹkan kan ò lọ bó ṣe yẹ. Elépo ì bá sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè ì bá sọ ọ́. Àmọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀ ń wò ó.

"Ó dùn," ni Máfọwọ́kànmí wí.

"Ó dùn?" ni bàbá náà béèrè.

"Ó dùn bí oyin, Bàbá."

"Mu ún tán, kí n rí i."

Ó mu ún tán. Omijé lé ròrò sí ojú rẹ̀, ó ní ayọ̀ ni. Bàbá náà wá gba ife, ó bu tirẹ̀, ó mu díẹ̀. Kò tu ú dànù, kò sì fajú ro. Ó gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ lórí tábìlì.

"Omi kànga wa nìyí," ló wí. "Gbogbo ọ̀nà tá a rìn, omi kànga wa lẹ bù fún wa."

Dókítà ti rí mítà. Ó tì í bọ jọ́ọ̀gù, ó wò ó, ó tún tì í bọ inú rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tú u, ó yọ awọ jáde. Awọ tó yẹ kó gbẹ bí ewé kókò rin gbingbin, ó rọ jọbọtọ bí aṣọ ìnulẹ̀. Dókítà gbé e súnmọ́ imú. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sì gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tó wo Máfọwọ́kànmí. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni gbogbo wọn wò.

Ẹ ò rí nǹkan. Ọkùnrin yìí ṣì lè ti ibẹ̀ yẹn sọ òtítọ́, kí wọ́n bínú sí i, kó tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó na ìka onífunfun sí obìnrin tó ń gbálẹ̀, tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní àìmọye ìgbà lòun ti kìlọ̀ fún wọn. Ó ní ọwọ́ irú àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í dúró sójú kan.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ sún síwájú. Ó ní ó dáa, àwọn máa lọ jókòó sábẹ́ igi níta. Ó na ọwọ́ sí Máfọwọ́kànmí. "Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn, àna mi, jẹ́ ká bọwọ́ ná."

"Bàbá, ọwọ́ mi ò dá."

"Tèmi náà ò dá. Ọ̀dà ló wà lára ẹ̀. Bọ́ ọ."

Kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Ó bọ́ ọ. Bàbá náà di ọwọ́ mú, kò bọ ọ́, ńṣe ló yí i padà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń wo èékánná kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó ń wo ojú pákó. Dúdú ni gbogbo wọn. Obìnrin agbálẹ̀ náà rí i. Elépo rí i, ó sì gbàgbé láti jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọwọ́ ìyá rẹ nìyí," ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Èédú tí mo fi ń yọ́ ọ̀dà, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń rà á títí tó fi kú. Kò fi eérú dí ìsàlẹ̀ àpò fún mi rí."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà, ó jáde.

Dókítà ní awọ mìíràn nípamọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìmọ́tótó pa lára. Ó fi ọ̀pọ̀ omi mímọ́ fọ gbogbo ọ̀nà inú ẹ̀rọ, ó ta awọ tuntun náà sí i, ó sì jókòó tì í pẹ̀lú mítà lọ́wọ́ títí oòrùn fi yẹ̀. Omi ń kán díẹ̀díẹ̀, kò yára bíi ti àárọ̀. Ìgbà tó fi máa bù ú fún àwọn àgbà, kò sẹ́ni tó ní òun á kọ́kọ́ mu. Bàbá náà mu tirẹ̀ tán, ó na ife padà, ó ní kí wọ́n tún bu sí i. Dókítà bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́. Wọn ò jíròrò rárá. Wọ́n ní Elépo ni, torí ìdọ̀tí ara tirẹ̀, ojú rí i.

Ẹ lè máa rò pé ojú ti Máfọwọ́kànmí, pé ó yí padà, pé ó lọ bẹ obìnrin agbálẹ̀. Dókítà ló pàṣẹ pé kó lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ, ó bẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè. Dókítà ò lé e. Ẹnu ọ̀nà yàrá awọ ló fi í sí, ó ní kó máa yẹ ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá ń wọlé wò, kí ọṣẹ má ṣe kọjá. Ẹ wá lọ wo ọkùnrin náà lónìí. Ó dúró gangan lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́là rẹ̀, ó ń gbóòórùn ọwọ́ àwọn èèyàn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń ta sánsán, á yínmú sí i, á ní àwọn kan ò ní làákàyè, àwọn kan kàn ń fọ nǹkan kiri ni. Ohun tó ń fi ojú tín-ín-rín wò ló yí padà. Ojú tín-ín-rín náà wà níbẹ̀.

Ní etí òkun, ilé omi ń ṣiṣẹ́, Elépo sì ti ń sanra. Kò sẹ́ni tó ń fa omi kànga mọ́, okùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà. Àmọ́ tí Máfọwọ́kànmí àti ìyàwó rẹ̀ bá lọ kí àwọn ará ilé, bàbá náà á fi ohun tó ń kàn lọ́wọ́ sílẹ̀, á rìn lọ sídìí kànga fúnra rẹ̀, á fa omi, á bu ife kan kún dẹ́múdẹ́mú, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àna rẹ̀. Ìyàwó á wojú sánmà. Máfọwọ́kànmí á mu ún tán.

"Ó ńkọ́?" ni bàbá náà á wí.

Máfọwọ́kànmí á yọ aṣọ tó fi ń nu ojú, á nu ẹnu rẹ̀ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ó dùn, Bàbá."